Tí Màmá bá pòwe, ẹ dá bírò dúró: àṣìṣe nínú ìwádìí ìlera ọpọlọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ má dé ọjà obì Sábó ní Ṣàgámù kí ẹ ní ìwádìí lórí "àìsàn ọpọlọ" lẹ bá wá. Wèrè ni wọ́n máa gbọ́. Ìyá tó ń ṣa obì máa ní kò sí wèrè nílé àwọn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹ kí wọn kú ọjà, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí oorun sùn.

Àṣìṣe tèmi tó burú jù, ìdí PHQ-9 ni mo ti ṣe é. Ìwé tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, máàkì rẹ̀ láti 0 dé 27. Ìkẹsàn-án ló ń béèrè bóyá èèyàn ń rò ó pé ikú á sàn fún òun. Mo bi màmá olóbì kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ikú yá ju ẹ̀sín." Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fàlà sí 0. Àṣé wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú pé àwọn jẹ gbèsè owó àjọ, pé àwọn olówó ń pariwo àwọn láàárín ọjà! Alẹ́ ni mo tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìdáhùn ni wọ́n fún mi, èmi ni mo pè é lówe. Torí náà, ẹ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi." Kí ẹ sì ti mọ dókítà tí ẹ máa pè kí ẹ tó kúrò nílé.

Bí wọ́n bá ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, ẹ má kọ "ẹ̀fọ́rí". Ọdẹ orí ni wọ́n ń sọ, àwọn dókítà ọpọlọ sì ti kọ̀wé lé e lórí.

Ẹ má bi ìyàwó ilé léèrè lójú ìyá ọkọ. Lásìkò Agẹmọ, ẹ bi ará àdúgbò ọ̀nà tí obìnrin ò gbọdọ̀ gbà kí ẹ tó rán obìnrin jáde. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ẹ jókòó sílé yín.

Ẹ má sì sáré gbé ìwé ìtẹ̀ka, èyí tí wọ́n fi ń gbà láti dá wa lóhùn, síwájú àgbàlagbà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìtẹ̀ka ni wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹlòmíì. Ẹ ka ìwé náà sí wọn létí títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sọ pé wọ́n lè kọ̀. Orúkọ ò gbọdọ̀ sí lórí fọ́ọ̀mù, nọ́ńbà nìkan ni. Ó pẹ́ tí òfin ti ka gbígbìyànjú láti para ẹni sí ọ̀ràn, ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọlọ́pàá ò ní sọ òótọ́ fún yín. Màmá olóbì yẹn, 14 ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé mi.