Bí mo ṣe lẹ piezo mọ́ aro kí ohùn rẹ̀ lè gba súpíkà jáde

Aro dọ́rọ́ọ̀mù ìnṣì 16 ni mo lò. Ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ni piezo, àwo idẹ pẹlẹbẹ tó ń sọ mímì di iná, tó fẹ̀ tó mìlímítà 27, tí wọ́n tẹ́ amọ̀ funfun lé lójú. Wáyà tó bá a wá tín-ín-rín jù, mo tú u, mo fi èyí tó ní àwọ̀n bàbà lára, irú wáyà tí wọ́n fi ń so gìtá mọ́ ẹ̀rọ, rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀n lọ sára idẹ, wáyà àárín lọ sójú amọ̀. Fàdákà fẹ́lẹ́ ló wà lójú amọ̀ yẹn: bí irin ìjólẹ́ẹ̀dì bá pẹ́ níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, fàdákà á ṣí, àwo ti bàjẹ́ nìyẹn.

Abẹ́ aro ni mo lẹ̀ ẹ́ sí, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ibi tí ìdodo rẹ̀ (ibi tó yọ gọngọ láàárín) parí sí. Ìdodo fúnra rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Bí a bá fipá tẹ àwo mọ́ ọn, amọ̀ á là. Etí ló tún burú jù, torí ibẹ̀ ni aro ti ń mì jù, ẹrù díẹ̀ níbẹ̀ ti tó láti pa ohùn. Mo fi sípíríìtì nu ọ̀rá kúrò, mo wá lo téèpù olójú méjì tó fẹ́lẹ́. Èyí tó ní fóòmù máa ń mu ohùn òkè.

Wáyà ló máa ń dáni lágara jù. Aro ń fì, ó tún ń yí lórí irin rẹ̀, ojú ibi tí a jó ló sì máa ń já. Mo fi téèpù mú wáyà mọ́ abẹ́ aro, kò jìnnà sí ojú jíjó, mo darí rẹ̀ lọ sí àárín, mo jẹ́ kó dẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan kí n tó dì í mọ́ irin ìdúró.

Nígbà tí mo so ó mọ́ ẹnu líìnì míksà (ẹ̀rọ tí a fi ń da ohùn pọ̀), ó ń dún bí agolo. Àwo náà kò lẹ́bi. Lójú iná, ó dà bíi kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń kó iná pamọ́) tó tó 20 nF. Ẹnu tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ 10 kΩ, bíi ti líìnì yẹn, á máa gé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ nǹkan bí 800 Hz. DI box oníbátìrì (àpótí kékeré tó ń wà láàárín ohun èlò orin àti míksà) tí ìdènà ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1 MΩ gbé ìgékù yẹn lọ sí 8 Hz. Àmọ́ bí ọ̀pá ìlù bá balẹ̀ gbàà, fóltì tó ń jáde pọ̀ ju ohun tí DI box lè gbà lọ, ohùn á sì fọ́. Mo jó kàpásítọ̀ 100 nF sáàárín wáyà méjèèjì, fóltì náà rọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́fà, fífọ́ náà tán. Inú ilé jáàkì ni mo fi í sí, kí aro má baà ru ẹrù kún ẹrù.

Ohùn rẹ̀ kò jọ ti máíkì tí a gbé kọ́ sórí aro. "Ṣáà" inú afẹ́fẹ́ dín kù, ìró abẹ́ tó wúwo bí agogo ńlá ló gbòde, ìkọlù ọ̀pá sì ń hàn ketekete. Mo dà á pọ̀ mọ́ ti máíkì ni. N kò yọ máíkì.