Bí A Ṣe Ń Ṣe Cobbler Mángòrò Nínú Ìkòkò Oníyanrìn

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni cobbler: èso tí a ti fi ṣúgà sè nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun pípò lórí, a wá yan án títí orí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Píìṣì ni wọ́n sábà máa ń lò lọ́dọ̀ tiwọn. Ta ló ń wá píìṣì kiri Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí mángòrò kún ọjà Odò-Ògbè? Bí àsìkò rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ lo ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

Ẹ ra mángòrò ńlá 5 tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ jù. Èyí tó kéré, tí okùn rẹ̀ máa ń há séyín, ẹ mu ún bẹ́ẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bó àwọn ńlá náà, kí ẹ gé wọn.

Omi ló ń ba cobbler jẹ́. Àbúrò mi kan ṣe é lọ́dún Àjíǹde: ó da mángòrò tútù sí páànù, ó da ìyẹ̀fun lé e, ó gbé e síná. Orí rẹ̀ pọ́n, ó wu ojú. A ti ṣíbí bọ̀ ọ́, abẹ́ rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ mímu. Mímu náà la sì mu ún.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ se èso yín. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú ìdajì ife ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Bó bá ti ń hó, ẹ fi omi tútù díẹ̀ po kọ́sítáàdì ṣíbí ńlá 2, ẹ dà á sí i, ẹ máa rò ó. Omi tútù ni mo wí o! Ẹ bu kọ́sítáàdì gbígbẹ sí ohun tó ń hó, kókó ni yóò dì. Ẹ jẹ́ kó tún hó dáadáa, kí ẹ wá fi ìka fa ìlà sẹ́yìn ṣíbí tí ẹ fi rò ó. Bí ojú ìlà náà bá padà dí, kò tíì ki. Gbígbóná ni kí èso náà wà títí ìyẹ̀fun yóò fi débẹ̀, torí ooru rẹ̀ ló ń se abẹ́ ìyẹ̀fun.

Kí ẹ tó po ìyẹ̀fun, ẹ ti tọ́jú iná. Ẹni tó ní óófùn, ìwọ̀n 190 ti Celsius ni kó gbé e sí. Èmi kì í dúró de iná mànàmáná: ìkòkò irin àtijọ́, iyanrìn tí a ti fọ̀ tí a sì sá gbẹ, agolo mílíìkì òfìfo 3 lórí rẹ̀ kí páànù lè jókòó. Ẹ dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15.

Ìyẹ̀fun kò le: fùláwà ife kan ààbọ̀, ṣúgà ìdámẹ́rin ife, bákìn páúdà ṣíbí kékeré 2, iyọ̀ díẹ̀. Ẹ fi ìka rún bọ́tà ṣíbí ńlá 6 mọ́ ọn títí yóò fi dà bíi gàrí. Blue Band ni tèmi. Ẹ da ìdajì ife mílíìkì sí i, ẹ pò ó pọ̀, ẹ ṣíwọ́. Ẹ má lù ú bí ẹni ń lu ẹ̀wà àkàrà, yóò le.

Ẹ da èso sí páànù, ẹ fi ṣíbí ju ìyẹ̀fun lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo wà láàárín wọn. Ẹ gbé páànù náà lé àwọn agolo inú ìkòkò, ẹ dé e, ẹ má ṣí i títí ìṣẹ́jú 30. Nígbà náà, ẹ yára nu òógùn abẹ́ ọmọrí, ẹ dé e padà, ẹ kó ẹyin iná lé ọmọrí náà fún ìṣẹ́jú 10 kí orí rẹ̀ lè pọ́n.

Ẹ sọ̀ ọ́, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20. Bí àwọn ọmọ bá ti gbé abọ́ dúró, ẹ ní kí wọ́n lọ fọ ìkòkò èso ná.