Bí ẹ ṣe máa yẹ àwo àtijọ́ wò kẹ́ ẹ tó fi ta èèyàn lọ́rẹ

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni mò ń sọ o, èyí tó dúdú tó fẹ̀, kì í ṣe CD. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wá a rà fún bàbá tàbí ìyá wọn báyìí, jùjú, àpàlà, sákárà, orin tí wọ́n gbọ́ nígbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n á dì í dáadáa, ọjọ́ìbí á pé, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ lójú gbogbo àlejò, kó tó dé ìdajì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò, tàbí kó máa tún gbólóhùn kan ṣoṣo kọ títí tẹ́nì kan á fi lọ gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Mo ti rí bàbá kan nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń sọ pé kò sí wàhálà, àmọ́ ojú ẹ̀ ti sọ gbogbo ẹ̀.

Níwájú ẹni tó ń tà á ni kẹ́ ẹ ti yọ àwo náà nínú páálí. Ẹ wò ó bóyá ohun tó wà lára lébẹ̀lì àárín bá ti ara páálí mu, torí wọ́n máa ń ki àwo olórin kan sí páálí ẹlòmíì. Ẹ di etí ẹ̀ mú, ẹ gbé e dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, tó bá ti wọ́ ẹ máa rí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tó ha tí ojú rí àmọ́ tí èékánná ò kọ́, kò sí wàhálà. Èyí tí èékánná bá kọ́, ẹ má rà á.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: ẹ gbọ́ ọ tán. Apá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwo jùjú ayé 1970 síwájú, orin kan wọnú òmíì ni wọ́n ṣe é, ẹ̀gbẹ́ kan odindi lè má dánu dúró rárá, torí náà kò sí pé ẹ máa fo orin tó bàjẹ́ kẹ́ ẹ bọ́ sí èyí tó kàn. Ẹni tó ń tà á á fi ìbẹ̀rẹ̀ nìkan dán an wò fún yín, á ní “ṣẹ́ ẹ gbọ́ ọ?”, ẹ ó ti sanwó. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ títí abẹ́rẹ́ á fi sún mọ́ lébẹ̀lì. Tó bá fò, ẹ gbé àwo míì tó dáa sórí ẹ̀rọ kan náà, torí abẹ́rẹ́ lè ti jẹ, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó dà bí àpótí yẹn náà sì máa ń fò lórí àwo tí kò ní nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé owó kọ́bọ̀ lé orí abẹ́rẹ́ kó má bàa fò mọ́! Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ayé ìsinsìnyí ò fẹ́ ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ, ìwúwo kọ́bọ̀ yẹn á máa gbẹ́ ojú àwo ni.

Fífọ̀ ò le. Omi tútù, ọṣẹ abọ́ bíńtín, búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ yípo bí ìlà ẹ̀ ṣe lọ, kí lébẹ̀lì má tutù. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nílé epo ni mo fi ń ṣan án, àmọ́ ẹ rí i dájú pé omi ni o, kì í ṣe ásíìdì. Ẹ má sá a sóòrùn, á ká kò. Àwọn àwo ayé ijọ́un tó wúwo tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi spirit kàn án, á jẹ ẹ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bá a ṣàdéhùn pé tó bá fò ẹ máa dá a padà, kẹ́ ẹ sì ya fídíò nígbà tó ń kọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ “no refund” sára rìsíìtì, òfin FCCPA ti 2018, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò dáa padà ní Nàìjíríà.

Ẹ gbé e dúró nínú mọ́tò, ẹ má fi sí búùtù lóòrùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ páálí, ara pépà tẹ́ ẹ fi dì í nìkan ni kó mọ, torí ó máa ń ká àwòrán olórin náà kúrò.