Wọ́ọ̀dù kọ́ ló ń dìbò, èèyàn ni: bí mo ṣe kọ́ ìwádìí ìṣèlú ní Àkúrẹ́

Ẹ kú ilé o. Másítà lórí ìṣèlú ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ́ apá tó le jù níbẹ̀, ìyẹn ìwádìí gan-an. Ìbéèrè tèmi ni pé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, láàárín ìbò gómìnà October 10, 2020 àti ti November 16, 2024, àwọn wo ni ò jáde mọ́, kí ló sì fà á. Ìbò wa dáa fún irú iṣẹ́ yìí torí òun nìkan la máa ń dì lọ́jọ́ ẹ̀, látìgbà tí kóòtù ti gbé Mímikò wọlé ní February 2009 ni tiwa ti kúrò lára ìbò gbogbogbòò, kò sí ariwo ààrẹ tó máa da ọ̀rọ̀ rú.

Mo da R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, sórí láptọ́ọ̀pù mi, ọ̀fẹ́ ni. Mo kọ ìjọba ìbílẹ̀ 18 sínú tébù kan fún 2020, mo kọ òmíì fún 2024, mo ní kó pa méjèèjì pọ̀. Ó pa wọ́n pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí mo kà á, 13 ló kù, kò sì sọ nǹkan kan fún mi! Àwọn Àkókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibì kan kọ North-East, ibòmíì kọ ọ́ pọ̀ láìsí àmì láàárín, Ilé-Olújì náà rí bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ò bá sì bára mu, R á yọ ọ́ dànù àfi tẹ́ ẹ bá ní kó má yọ ìkankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ìlà yín kẹ́ ẹ tó pa á pọ̀, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́yìn ẹ̀.

Súpáfáísọ̀ mi wò ó, wọ́n ní ìlà 18 kéré jù fún ohun mẹ́fà tí mo fẹ́ kó ṣàlàyé, pé kí n sọ̀kalẹ̀ sí ibùdó ìdìbò. Fọ́tò fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan, ló wà lórí IReV, ojúlé tí INEC ń gbé èsì ìbò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe nọ́ńbà téèyàn á kàn dà sínú kọ̀ǹpútà, ojú ni mo fi ń kà á tí mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iná á lọ, iná á dé. Mo wá rí i pé ọ̀pọ̀ ibùdó, iye èèyàn tó wá síbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sí ìdajì. Inú mi dùn, mo sáré gbé e lọ bá súpáfáísọ̀ mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé àwọn èèyàn ni ò wá, àbí ibùdó ló pín?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ní 2021 ni INEC sọ ibùdó di 176,846 káàkiri Nàìjíríà, tiwa kúrò ní 3,009 ó di 3,933, ìyẹn ni pé ibùdó kan ti lè di méjì, kí èèyàn kan má sì yẹsẹ̀. Wọ́ọ̀dù ni ò yí padà, 203 ló jẹ́ nígbà méjèèjì, ni mo bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ padà sí wọ́ọ̀dù. Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò náà tún wà ńbẹ̀ o: ó wúwo sí i, ó di 2,053,061 ní 2024, torí náà ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lè já wálẹ̀ bí iye kan náà bá tiẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ iye èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà gbogbo.

Wọ́ọ̀dù tí ọjà pọ̀ sí ló wálẹ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, mo wá kọ ọ́ pé àwọn ọlọ́jà ò dìbò mọ́. Súpáfáísọ̀ mi fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ ka Robinson, 1950. Ọkùnrin yẹn fi ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1930 hàn pé ìpínlẹ̀ tí àjèjì pọ̀ sí ni ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti pọ̀, bẹ́ẹ̀ téèyàn bá wo ẹnì kọ̀ọ̀kan, àjèjì gan-an ni ò mọ̀ ọ́n kà tó, ibi tí ẹ̀kọ́ ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn lọ tẹ̀dó sí. Ohun tí wọ́ọ̀dù fi hàn kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ni mo bá gbéra, ó di Ọjà Ọba. Màmá ẹlẹ́pọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ bá, mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò dìbò?" Wọ́n wò mí. "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò dìbò?" Mo tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà, ohun tí mò ń bi gbogbo wọn ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ ìbò yẹn, ẹ sọ bó ṣe lọ fún mi láti àárọ̀," màá wá dákẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ débi pé fóònù tí mo fi ń gbà á sílẹ̀ kú.

Màmá kejì ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọ̀wọ̀ ni káàdì mi wà, ibẹ̀ ni mò ń gbé nígbà tí mo gbà á, mọ́tò ò sì rìn lọ́jọ́ ìbò." Mo bi ẹni tó tẹ̀ lé wọn, Ìdànrè ni tiẹ̀. Ẹni tó tún tẹ̀ lé e, ìlú Oǹdó. Àwọn tó ń tajà nínú wọ́ọ̀dù yẹn tí mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sí nínú ìwé orúkọ ibẹ̀ rárá.

Mo padà sílé, mo pa gbólóhùn ọlọ́jà yẹn rẹ́. Ọ̀rọ̀ màmá Ọ̀wọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ chapter kẹrin báyìí, ìbéèrè tuntun tí mo sì ń bi gbogbo èèyàn ṣáájú èyíkéyìí ni pé, "Níbo ni káàdì yín wà?"