Bí mo ṣe dé Delos, tí afẹ́fẹ́ sì jẹ owó mi

Yúrò 360 ni mo san lé owó ilé ìtura, fún alẹ́ méjì tí n kò ṣètò rẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló jẹ owó náà.

Ti bàálù láti London sí Mykonos, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, kò ní ìtàn nínú. Láti Mykonos, ọkọ̀ ojú omi á gbé yín dé Delos, erékùṣù kékeré tí àwókù ìlú àtijọ́ wà, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni mo lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé àsìkò meltemi nìyẹn. Afẹ́fẹ́ àríwá ni. Oòrùn á máa ràn, ojú ọ̀run á mọ́ rekete, òkun á sì máa ru bí ìkòkò tí iná rẹ̀ pọ̀jù.

Lọ́jọ́ kìíní, mo dé èbúté láago mẹ́jọ àárọ̀. Ìyá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ ṣí fèrèsé tán. Ó na ìka kan sókè, ó ń mì í sọ́tùn-ún sósì: "Ó dọ̀la." Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ìka yẹn náà ni. Fìlà mi fò sínú omi níṣojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Mo gun òkè ẹ̀yìn ilé ìtura, mo rí Delos lọ́ọ̀ọ́kán níbẹ̀, bí ẹní lè nawọ́ mú un. Inú bí mi débi pé n kò jẹun alẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ṣíkọ̀. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mo débẹ̀!

Àwọn Gíríìkì gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Apollo, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà wọn, sí. Ní ọdún 426 ṣáájú Kristi, àwọn ará Athens hú òkú inú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí erékùṣù Rheneia, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bímọ tàbí kú ní Delos mọ́. Ẹ wo aboyún tó ń rọbí nínú ọkọ̀, pẹ̀lú irú afẹ́fẹ́ yẹn!

Ní 166 ṣáájú Kristi, Róòmù sọ ọ́ di èbúté tí wọn kì í ti í gba owó bodè. Strabo, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ pé ìlú náà lè gba ẹgbẹẹgbàárùn-ún ẹrú, kó sì tà wọ́n lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo rántí ìyẹn bí mo ṣe ń wọ àwọn ilé olówó. Nínú ọ̀kan, ère Cleopatra ará Athens àti ọkọ rẹ̀ Dioscourides dúró, àwọn méjèèjì kò lórí, ṣùgbọ́n bí aṣọ obìnrin náà ṣe ká síra ṣì hàn fínnífínní. Ọmọ ogun Mithridates, ọba tó ń bá Róòmù jà, kọlu ìlú náà ní 88 ṣáájú Kristi, àwọn ajalèlókun tún wá ní 69 ṣáájú Kristi. Kò gbérí mọ́.

Bó bá jẹ́ èmi lónìí, oṣù karùn-ún ni mo máa lọ. Ẹ mú omi dání, kò sí ibòji. Ẹ má sì ṣe bíi tèmi tó ya fọ́tò ogójì nídìí àwọn kìnnìún mábù kó tó mọ̀ pé àdàkọ ni wọ́n. Wọ́n ti kó ojúlówó wọnú ilé, kí òjò àti afẹ́fẹ́ má baà jẹ wọ́n tán. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ni!