Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Ariwo Sítíárìn Ọkọ̀, Tí A Sì Ń Tún Un Ṣe

Sítíárìn tó ń han máa ń tan awakọ̀ jẹ. Abẹ́ ọwọ́ ni a ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ táyà ló ti bẹ̀rẹ̀, tó gba ara irin gòkè wá bá wa nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì ra ẹ̀yà kankan, ẹ má sì tú síkúrù kankan, àfi tí ẹ bá mọ ibi tí ohùn náà ti ń jáde gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pààrọ̀ pọ́ǹpù sítíárìn nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà kékeré kan tó gbẹ ló ń ké.

Etí ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù.

Àkọ́kọ́, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí sítíárìn á fi kúrò ní títì, kí ẹ wá rọra mì ín sọ́tùn-ún sósì, níwọ̀nba ibi tó bá gbà yín láàyè. Ẹ má fi agbára yí i. Bó bá han báyìí, inú ọkọ̀ ni kí ẹ wá a sí: ike tó bo ọ̀pá sítíárìn, clock spring (wáyà tó ká sẹ́yìn sítíárìn), bíárìn ọ̀pá náà, tàbí rọ́bà tó yí i ká nísàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ dúró lójú kan. Ẹ rọra yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun apá òsì dé ìpẹ̀kun apá ọ̀tún. Ohùn tó ń han gooro nígbà tí sítíárìn bá dé ìpẹ̀kun sábà máa ń wá láti ara bẹ́líìtì. Èyí tó ń kùn húùn, tó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń yí i, ti ọ́ìlì sítíárìn tàbí pọ́ǹpù ni. Ẹ má di sítíárìn mú ní ìpẹ̀kun ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, torí ìgbà yẹn ni pọ́ǹpù ń jìyà jù.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí kò ti sí èrò. Bó bá ń ké nígbà tí ẹ ń gun ibi gegele láì yí sítíárìn rárá, ẹjọ́ sítíárìn kọ́ nìyẹn mọ́, ti àwọn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ ni.

Kí n tó gbàgbé: táyà máa ń ké lórí ilẹ̀ tó ń dán, irú bíi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kun ní ọ̀dà. Bí ariwo bá pòórá nígbà tí ẹ gbé ọkọ̀ bọ́ sórí ọ̀dà títì tàbí iyẹ̀pẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ yín.

Ẹni kejì wúlò gan-an fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹnì kan máa yí sítíárìn, kí ẹnì kejì fi etí sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kó sì jìnnà sí bẹ́líìtì tó ń yí.

Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ike. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ ìbòrí tó wà lẹ́yìn sítíárìn, kí ẹ fi èkejì yí sítíárìn. Bí ohùn bá yí padà tàbí tó dákẹ́, ike méjì ló ń fi ara ha ara wọn. Ẹ dẹ síkúrù abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ tún ìbòrí náà tò, ẹ nu eruku kúrò, kí ẹ wá fi aṣọ tí ẹ fín ọ́ìlì sílíkóònù sí pa ojú ibi tó ń ha.

Rọ́bà ìsàlẹ̀ ni mo máa ń fura sí jù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì, ẹ ó rí ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti gba inú ògiri irin kọjá sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà kan yí i ká níbẹ̀ kí omi àti eruku má baà wọlé. Bó bá gbẹ, á máa di ọ̀pá náà mú, á sì máa ké ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí sítíárìn. Ẹ nu ún, kí ẹ fi gírísì sílíkóònù pa ètè rẹ̀ yíká, kí ẹ yí sítíárìn nígbà mélòó kan kó lè wọlé. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí gírísì lásán, torí wọ́n lè mú kí rọ́bà wú kó sì bàjẹ́. Àwọn ọ́ìlì fínfín tí wọ́n fi ń tú bóòtù tó ti dógùn-ún kò dáa níbẹ̀ náà: ariwo á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọ́ìlì á gbẹ, ohùn á tún padà. Ohunkóhun tí ẹ bá fín, kó má kan ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì. Bíréèkì tó ń yọ̀ burú ju sítíárìn tó ń ké lọ.

Clock spring ni wáyà pẹlẹbẹ tó ká sẹ́yìn sítíárìn, òun ló ń gbé iná lọ fún fèrè àti airbag, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde láti dáàbò bo awakọ̀ nígbà ìjàǹbá. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó ń ṣe ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́. Bí fèrè bá kọ̀ tàbí tí iná airbag bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òun ló bàjẹ́. A kì í fi ọ́ìlì sí i, ṣe là ń pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yọ wáyà nẹ́gátíìfù lórí bátìrì, kó sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ sọ, torí airbag lè bú gbàù lójú ẹni. Tuntun tí wọ́n bá fẹ́ fi sí i gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn ìyípo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á já nígbà tí sítíárìn bá yí dé ìpẹ̀kun. Bí ẹ kò bá ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì.

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé ló ń fi mọ́tò iná ran sítíárìn lọ́wọ́. Wọn kò ní ọ́ìlì sítíárìn, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Bí tiyín bá ní, ẹ wo ike tí ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì náà yẹ kó wà láàárín MIN àti MAX. Bó bá lọ sílẹ̀, ibì kan ló ń jò, ẹ wá ibẹ̀. Irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ sórí ìdérí tàbí sínú ìwé ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ fi kún un. Bó bá ń hó bí omi ọṣẹ, atẹ́gùn ti wọ̀ ọ́. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ gbé e lé irin ìdúró tó lágbára, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá máa rọra yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun títí ìfòfó á fi tán. Ẹ máa bu ọ́ìlì kún un bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀.

Ní ti bẹ́líìtì, ẹ kọ́kọ́ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Èyí tó ti sán tàbí tó ń dán gbọ́dọ̀ kúrò. Bí ojú rẹ̀ bá dáa, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i láti òkèèrè. Bí ariwo bá rọlẹ̀ tó sì tún padà, ó ṣeé ṣe kí pulley kan (irin roboto tí bẹ́líìtì ń yí lé) má tò dọ́gba. Bó bá le sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀, ó ń yọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ táyà

Ibí yìí ni ariwo ti lè di ewu. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ lé irin ìdúró, ẹ fi nǹkan dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín: bó bá ń yẹ̀, ẹ fura sí ball joint (oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀) tàbí bíárìn táyà. Ẹ tún di í mú lọ́tùn-ún àti lósì: bó bá ń yẹ̀ báyìí nìkan, tie rod (ọ̀pá irin tó ń gbé ìyípo sítíárìn dé ọ̀dọ̀ táyà) ló ṣeé ṣe kó fà á. Ball joint tó bá já lójú ọ̀nà lè mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wó, nítorí náà, ẹ má wà á lọ ibi tó jìnnà títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ tí sípíríǹgì ń ta gbọ̀n nígbà tí ẹ ń yí sítíárìn lójú kan, bíárìn orí ṣọ́ọ̀kù ti le. Mẹkáníìkì tó ní irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ ni kó tú u, torí agbára tó wà nínú sípíríǹgì lè pa ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ tie rod, ẹ ní kí wọ́n to ẹsẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan lára táyà iwájú á jẹ tán kí ìyókù tó bẹ̀rẹ̀.