Ọmọ ìsọ̀ ti mọ̀, ọ̀gá ò tíì mọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú òwò kéékèèké l'Ékòó

Kí ṣọ́ọ̀bù tó kógbá sílé ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Mushin, ẹnì kan ti máa ń mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni náà kì í sábà jẹ́ ọ̀gá. Ọmọ tó ń bá a tajà ló mọ̀ pé páálí mẹ́ta ti bàjẹ́ lẹ́yìn, pé oníbàárà tó jẹ gbèsè ti kó kúrò ládùúgbò, pé ọjà tí wọ́n ń jà sí lọ́dún tó kọjá, wọn ò béèrè rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tá a fẹ́ sọ yìí ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn yòókù ń di ọ̀gá fúnra rẹ̀ lójú.

Yíyọ àdánù lára owó oṣù

Èyí ló burú jù. Owó ò pé nírọ̀lẹ́, ọ̀gá á ní, "Màá yọ ọ́ lára owó oṣù ẹ." Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú wọlé, ẹni tó gbé ọjà fún oníbàárà ni yóò san án. Ọ̀gá rò pé òun ń kọ́ ọmọ kó lè máa ṣọ́ra. Ohun tí ọmọ kọ́ ni pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló máa sanwó. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá fọ́ á wọ abẹ́ káńtà, owó ọjọ́ kejì ni wọ́n á sì máa fi dí ihò tàná.

Amy Edmondson, olùkọ́ ní Harvard, bá irú nǹkan yìí pàdé nílé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990. Ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ tó mọwọ́ ara wọn ni àṣìṣe oògùn wọn máa kéré jù. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ fi hàn pé tiwọn ló pọ̀ jù. Ìgbà tó wádìí dé ìdí rẹ̀ ló rí i pé wọn ò ṣàṣìṣe ju àwọn tó kù lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ ni, àwọn tó kù ń bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, tí oṣù mẹ́fà bá kọjá tẹ́ ẹ ò gbọ́ àṣìṣe kankan ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má tíì máa dúpẹ́.

Òfin pàápàá ò fọwọ́ sí yíyọ owó bẹ́ẹ̀. Abala 5 nínú Labour Act ilẹ̀ wa kò gba ọ̀gá láyè láti bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́. Bí àdánù bá ti ọwọ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ wá, ìwọ̀nba tó bọ́gbọ́n mu ni wọ́n lè yọ, aṣojú ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà.

Fún alẹ́ẹ̀tì ayédèrú, ẹ fi fóònù kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí áàpù báńkì wà lórí rẹ̀. Àyàfi tí owó bá ti wọ inú àkáǹtì, kí ọjà má ṣe kúrò lórí káńtà. Ẹ má wo ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí fóònù, ẹ má wo fọ́tò tí oníbàárà ń fi hàn yín. Fún ohun tó fọ́ tàbí tó bàjẹ́, ẹ fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà: ọjọ́ wo, kí ni, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má bínú sí i. Olè jíjà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Owó tó wọlé tí wọ́n ń pè ní èrè

Ká ní páálí ọṣẹ kan jẹ́ ₦24,000 ní Òkè-Àrin, ọṣẹ 48 ló wà nínú rẹ̀, ₦500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tà á ní ₦600. Páálí tán, ₦28,800 wọlé, ẹ ní ẹ jèrè ₦4,800. Ẹ padà sọ́jà, páálí ti di ₦30,000. Láìjẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ₦1,200 ló ṣì kù kẹ́ ẹ tó lè ra ohun tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bó ṣe wù ú ní oṣù kẹfà 2023, àṣìṣe yìí ti jẹ owó òwò ọ̀pọ̀ èèyàn tán, tí wọ́n sì rò pé ọjà ń tà. Iye tẹ́ ẹ máa rà á lọ́la ni kẹ́ ẹ fi ṣòdiwọ̀n, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á láná. Ọṣẹ tó máa di ₦625, ₦600 kọ́ ló yẹ kó jáde.

Àjọ tún máa ń tanni. Ẹni tó ń dá ₦3,000 lójoojúmọ́ á gba ₦87,000 lọ́gbọ̀n ọjọ́, alájọ á mú owó ọjọ́ kan. Ó yọ̀ pé òun rówó kó jọ. Tó bá jẹ́ inú dúrọ́ọ̀ ọjà ni ₦3,000 ti ń jáde, láìmọ̀ bóyá èrè ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀, owó ọjà ló kó jọ, tó sì fẹ́ fi ra aṣọ ẹbí. Ẹ kọ owó oṣù tiyín sílẹ̀ bíi ti òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ máa gbà á lọ́jọ́ kan pàtó. Oṣù tí ṣọ́ọ̀bù ò bá lè san án, ìròyìn lẹ gbọ́ yẹn.

Rẹ́ǹtì ńkọ́? ₦600,000 lọ́dún, tẹ́ ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 26 lóṣù, ₦1,923 ni lóòjọ́, kó tó kan owó iná, owó ìdọ̀tí LAWMA àti géńdé. Ẹ jẹ́ kó máa bọ́ sínú àkáǹtì mìíràn lójoojúmọ́.

Àwìn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọṣẹ kan tí wọ́n gbà tí wọn ò san, ọṣẹ márùn-ún tó ń mú èrè ₦100 wá lẹ máa tà kí ₦500 tẹ́ ẹ fi rà á tó padà.

Gbígba ọmọ ìsọ̀ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kún

₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024. Òfin náà ò kan ibi tí òṣìṣẹ́ ò tó 25, ṣùgbọ́n òun lẹni tó ń wáṣẹ́ á fi wọ̀n yín. Ká ní èrè yín ṣì jẹ́ ₦100 lórí ọṣẹ, ọṣẹ 700 ló máa san owó yẹn, bíi 27 lóòjọ́. Ṣé ọmọ náà máa mú ọṣẹ 27 wọlé lé èyí tẹ́ ẹ ń tà tẹ́lẹ̀? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìsinmi lẹ rà, kì í ṣe òwò. Kò burú, kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé òun lẹ rà.

Kíkọ ìwé tí wọn ò fi ṣe nǹkan kan

Ní Lomé, olú ìlú Togo, àwọn onímọ̀ kan, tí Michael Frese wà lára wọn, pín oníṣòwò kéékèèké 1,500 sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó àti ìpolówó. Wọ́n kọ́ àwọn kan bí wọ́n á ṣe máa dá nǹkan bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, kí wọ́n wo iwájú, kí wọ́n má tètè jáwọ́. Wọn ò kọ́ àwọn tó kù ní nǹkan kan. Àbájáde tó jáde ní 2017 fi hàn pé èrè ìpín kejì fi 30% ga ju ti àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́. Ti oníṣirò jẹ́ 11%, kò sì tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á.

Ìwé kíkọ nìkan ò tó, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ kọ ṣe nǹkan: ẹ mú ọjà mẹ́ta tó ń yá jù. Gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ kà wọ́n: iye tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi iye tó wọlé kún un, ẹ yọ iye tó kù, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti tà nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ pinnu nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọmọ ìsọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kẹ́ ẹ tó sọ èrò tiyín. Tí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ tán, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà" ló kù.

Àìsí ìwé àdéhùn

Àwọn mọ̀lẹ́bí ló ń jìyà èyí jù: ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá láti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ní "a ó máa ṣe nǹkan fún ẹ." Labour Act ní kó tó pé oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé tó sọ irú iṣẹ́, owó oṣù, ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa lọ, ọjọ́ kan ni ìfilọ̀ fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì títí di ọdún márùn-ún. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún òun tó bá fẹ́ fi yín sílẹ̀. Ìfilọ̀ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan sókè, orí ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. "Má padà wá lọ́la" tí wọ́n pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kò kà.